Guru Nanak: kí ni mo lè fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí mi ò fi ní ṣì wọ́n lọ́nà?

Olùkọ́_Èbúté-Mẹ́ta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà ládùúgbò wa ní Èbúté-Mẹ́ta tó ń fi Sátidé kan lóṣù jíròrò lórí ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiwọn. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ilé-kéwú wà, ọmọ onísẹ̀ṣe náà wà. Guru Nanak, ẹni tó dá ẹ̀sìn Sikh sílẹ̀, ló kàn báyìí. Wákàtí 2 ni mo ní, mi ò sì fẹ́ fi àhesọ kún un.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Ibì kan ní oṣù kẹrin ni wọ́n bí i, ibòmíràn ní oṣù kọkànlá ni. Àwọn kan ní ńṣe ló po ẹ̀sìn Híńdù mọ́ Ìsìláàmù. Ìtàn kan tún wà pé ó na ẹsẹ̀ sí Kaaba nígbà tó sùn ní Mẹ́kà. Tí mo bá sọ ọ́ bó ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ á bínú, wọn ò sì ní jẹ̀bi. Ṣé òun náà ló ní kí wọ́n máa wé láwàní, kí wọ́n sì máa so ọ̀bẹ mọ́ra? Lẹ́yìn ìjókòó yẹn, àwa bíi 15 fẹ́ lọ kí àwọn Sikh nílé ìsìn wọn, àwọn ọmọ sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ dídùn tí wọ́n máa ń pín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà_Ìwé_Yábà

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọjọ́ àti ti ìtàn, kí àwọn yòókù mú ìyókù.

Ọdún 1469 kò ní àríyànjiyàn. Rai Bhoi di Talwandi ni wọ́n bí i sí, ìlú tí wọ́n ń pè ní Nankana Sahib lónìí, ní Punjab ti Pakísítánì. Oṣù ìbí rẹ̀ ni àwọn ìwé ò fi ẹnu kò lé lórí. Janamsakhi ni wọ́n ń pe àwọn ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n pọ̀, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ sì ni wọ́n kọ gbogbo wọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Puratan àti ti Miharban fi ìbí rẹ̀ sí oṣù Vaisakh, tí àwọn onímọ̀ ṣírò sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Ti Bala ní oṣù Kattak ni, tó bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá tiwa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba ti Vaisakh, ṣùgbọ́n ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú ti Kattak ni àwọn Sikh fi ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ títí dòní. Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí ọjọ́ náà kì í fi í dúró sójú kan. Nítorí náà, àwọn tó kọ oṣù kẹrin àti àwọn tó kọ oṣù kọkànlá, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ.

Mehta Kalu ni bàbá rẹ̀, Tripta ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá ni kíkọ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti owó orí oko fún Rai Bular, Mùsùlùmí tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Nanaki, fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jai Ram ní ìlú Sultanpur, ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí ló sì bá a wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Daulat Khan Lodi, gómìnà ibẹ̀. Àká ọkà ìjọba ni wọ́n fi í sí. Ẹ má fo ibí yìí o. Ẹni tó ń wọn ọkà, tó ń ṣírò ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, ni ọkùnrin yìí kó tó di olùkọ́ni. Ó fẹ́ Sulakhni, ọmọ Batala, wọ́n sì bí ọkùnrin méjì, Sri Chand àti Lakhmi Das. Àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀ bí ẹni tó sá lọ sórí òkè lọ gbé kò ro ti ìyàwó, ọmọ àti òṣùwọ̀n yẹn mọ́ ọn.

Sultanpur yìí náà ni ìtàn odò Bein ti wáyé. Wọ́n ní ó wọ odò lọ wẹ̀ láàárọ̀, wọn ò sì rí i fún ọjọ́ 3. Nígbà tó jáde, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ bọ́ ni pé kò sí Híńdù, kò sí Mùsùlùmí. Ó ti tó nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, òun àti Mardana, Mùsùlùmí láti ìdílé àwọn olórin, tó ń ta rabab (ohun èlò olókùn) bí Nanak ti ń kọrin. Ìrìn àjò ńlá 4 ni àṣà kà fún un. Hardwar àti Puri, ìlú mímọ́ àwọn Híńdù, wà nínú rẹ̀, Sri Lanka wà, ìhà Tibet wà, Baghdad àti Mẹ́kà náà sì wà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù, ẹ to ẹ̀rí sí ipò 3. Orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ ló ṣíwájú: 974 ni wọ́n kà sí tirẹ̀ nínú Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ Sikh, tó jẹ́ ojú ewé 1430. Guru Arjan, ìkarùn-ún nínú àwọn Guru (àwọn olùkọ́ àgbà 10 tí Nanak jẹ́ ìkíní wọn), ló kó ìwé náà jọ ní 1604. Lẹ́yìn ìyẹn ni ewì Bhai Gurdas, ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé 1604 yẹn bí Guru Arjan ṣe ń pè é. Janamsakhi ló kẹ́yìn. Ó ní iyì tirẹ̀, torí ó jẹ́ ká mọ bí àwọn ọmọlẹ́yìn ṣe lóye olùkọ́ wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí àwọn olùkọ́ ti máa ń ṣìnà ni pé janamsakhi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí àkókò á fi tán kí wọ́n tó kan orin kan ṣoṣo.

Àpẹẹrẹ ibi tí orin ti jẹ́ ẹ̀rí gidi ni ti Babur, ọba tó fi ìdí ìjọba Mughal múlẹ̀ ní Íńdíà. Ó kọlu ìlú Saidpur ní nǹkan bí 1520 sí 1521, Nanak sì kọ orin 4 lórí ọ̀rọ̀ ogun náà. Nínú ọ̀kan, ó sọ fún Lalo, gbẹ́nàgbẹ́nà ọ̀rẹ́ rẹ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni Babur kó lẹ́yìn bí èrò ìgbéyàwó láti Kabul wá. Nínú òmíràn, ó kọjú sí Ọlọ́run fúnra rẹ̀: wọ́n lu àwọn ènìyàn tó báyìí, wọ́n ké tó báyìí, ṣé àánú wọn ò ṣe Ọ́ ni? Ojú ewé 360 ni èyí wà. Ẹ ka ìyẹn fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ ó rí bí ilé ṣe máa pa rọ́rọ́.

Lẹ́yìn ìrìn àjò, ó tẹ ìlú Kartarpur dó sí etí odò Ravi, ó ń dáko níbẹ̀, ó ń kọrin pẹ̀lú àwọn tó bá wá, wọ́n sì jọ ń jẹun. Níbẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1539. Kó tó kú, kò fi ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ Guru. Lehna, ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ló yàn, ó sì sọ ọ́ ní Angad. Pakísítánì ni Kartarpur wà lónìí, kò jìnnà sí ẹnubodè Íńdíà rárá, ọ̀nà tí wọ́n là fún àwọn arìnrìn-àjò ìsìn láti Íńdíà sì ṣí ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2019, nígbà àjọ̀dún 550 ọdún ìbí rẹ̀.

Ìyá_Àjọkẹ́_Ṣómólú

Àgbà Ìwé, ẹ ṣeun, ẹ ti ṣe é dé ibi tó yẹ. Èmi fẹ́ mú ọ̀rọ̀ “ó po ẹ̀sìn méjì pọ̀” yẹn, torí òun ló ń ba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù.

Olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní ìwé wọn. Ibẹ̀ ni Mul Mantar wà, gbólóhùn tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ohun tó sọ nìyí: Ọ̀kan ṣoṣo ni, òtítọ́ ni orúkọ Rẹ̀, Òun ló dá ohun gbogbo, kò bẹ̀rù, kò kórìíra ẹnikẹ́ni, kò sí lábẹ́ àkókò, a kì í bí I, Òun ló mú ara Rẹ̀ wà, nípa oore-ọ̀fẹ́ Guru ni a fi ń mọ̀ Ọ́n. Ẹ wo “a kì í bí I” dáadáa. Ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn Híńdù tó gbà pé òrìṣà a máa gbé ara ènìyàn wọ̀ wá sáyé. Bẹ́ẹ̀, ó gbà pé ènìyàn a máa kú, a sì máa padà wáyé léraléra títí oore-ọ̀fẹ́ á fi tú u sílẹ̀, èyí tí Ìsìláàmù kò gbà. Ẹni tó bá ń po nǹkan pọ̀ kì í kọ ohun pàtàkì lọ́dọ̀ ìhà méjèèjì. Ohun tó mú un dá yàtọ̀ ni pé ó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó lo Ram, Hari, Allah àti Khuda fún Ẹni kan náà nínú orin rẹ̀, torí àwọn orúkọ tí àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ̀ nìyẹn.

Japji ló tẹ̀ lé Mul Mantar, ẹsẹ 38 ni, ó sì ní ewì kúkúrú ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Ìbéèrè ńlá inú rẹ̀ wà ní ẹsẹ kìíní: báwo ni ènìyàn ṣe lè di olóòótọ́, báwo ni odi irọ́ ṣe lè wó? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ènìyàn máa rìn nínú hukam, àṣẹ Ọlọ́run tó ń darí ohun gbogbo. Ẹsẹ kejì wá fi kún un pé ẹni tó bá mọ àṣẹ yẹn kò ní sọ̀rọ̀ èmi-èmi mọ́. Haumai ni wọ́n ń pe èmi-èmi yìí, òun gan-an ni Nanak kà sí àìsàn ọmọ ènìyàn. Bí ẹ bá lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ lóye hukam àti haumai, ẹ ti là á já. Ìyókù á tẹ̀ lé e.

Nínú ìṣe ojoojúmọ́, ohun 3 ni àwọn Sikh máa ń kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sí: kí a máa rántí orúkọ Ọlọ́run, kí a máa fi iṣẹ́ òótọ́ jẹun, kí a sì máa pín nínú ohun tí a ní. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà bí ohun 3 tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ojú ewé 1245, ẹsẹ kan ṣoṣo so méjì nínú wọn pọ̀: ẹni tó ṣiṣẹ́ kó tó jẹun, tó sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tọrẹ, òun ló mọ ọ̀nà. Níṣàájú ẹsẹ yẹn, àwọn tó ń fi ẹ̀sìn jẹun ló ń bá wí, àwọn tó ń pe ara wọn ní olùkọ́ ẹ̀mí tí wọ́n sì ń tọrọ oúnjẹ láti ilé dé ilé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wólẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ tó ń ta ọjà ní Òyìngbò lẹ́yìn ilé ìwé á mọ̀ pé àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ètò ìran gíga àti ìran rírẹlẹ̀ náà ló ta kò. Janamsakhi sọ pé nígbà ọmọdé, wọ́n fẹ́ fi okùn mímọ́ àwọn Híńdù sí i lọ́rùn, ó sì kọ̀ ọ́. Yálà ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, orin rẹ̀ lórí okùn náà wà ní ojú ewé 471: kí àánú jẹ́ òwú rẹ̀, kí ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ fọ́nrán rẹ̀, kí ìkóra-ẹni-níjàánu jẹ́ kókó rẹ̀, kí òtítọ́ jẹ́ lílọ́ rẹ̀, ó ní irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í já, kì í dọ̀tí, iná kì í jó o. Ojú ewé méjì sí ibẹ̀, ní 473, ló ti béèrè ìdí tí a ó fi pe obìnrin ní ẹni burúkú, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń bí àwọn ọba. Ẹ fún àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ ní ẹsẹ yìí kí wọ́n kà á sókè.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba èyí kún un. Kì í ṣe Nanak ló fi àmì ara 5 tí àwọn Sikh ń lò, tí ọ̀bẹ wà nínú wọn, lélẹ̀. Guru Gobind Singh, ìkẹwàá, ló dá Khalsa, ẹgbẹ́ àwọn Sikh tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ẹ̀sìn, sílẹ̀ ní Anandpur ní 1699, 160 ọdún lẹ́yìn ikú Nanak. Khalsa ló ní irun tí a kì í gé, òòyà, ẹ̀gbà irin ọwọ́, ṣòkòtò péńpé abẹ́ aṣọ, àti kirpan tí ẹ pè ní ọ̀bẹ. Láwàní ni wọ́n fi ń bo irun tí a kò gé náà. Ní 1708, kí Guru Gobind Singh tó kú, ó ní kò sí ènìyàn tó máa jẹ Guru mọ́, ìwé náà ni Guru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe.

Ohun mìíràn tó kan Èkó: kì í ṣe gbogbo ará Íńdíà tó fẹ́ràn Nanak ló ń wé láwàní. Àwọn oníṣòwò Sindhi (àwọn tí orírun wọn jẹ́ Sindh, tó wà ní Pakísítánì lónìí) ti ń tajà ní Erékùṣù Èkó láti nǹkan bí ọdún 1920 sókè, ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù láàárín àwọn Sindhi ló sì máa ń ka orin Nanak, tí wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ẹ rí àwòrán yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Balógun, ẹ má kàn pè é ní Sikh. Ẹ bi í.

Olùkọ́_Èbúté-Mẹ́ta

Ọlọ́run á fi kún ìmọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ Mẹ́kà ló kù. Ṣé kí n fò ó ni? Àwọn ọmọ náà á tún bi mí pé bí Nanak bá ní kò síbi tí Ọlọ́run kò sí, kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé kéèyàn má na ẹsẹ̀ sí ìwé wọn ní gurdwara, ilé ìsìn wọn?

Ìyá_Àjọkẹ́_Ṣómólú

Ẹ má fò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Bhai Gurdas mẹ́nu bà á nínú ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ó ti pẹ́ nínú àṣà Sikh. Ẹnìkan fi ẹsẹ̀ jí Nanak, ó ní kí ló dé tó na ẹsẹ̀ sí Ọlọ́run. Nínú janamsakhi, Nanak fèsì pé kí ó gbé ẹsẹ̀ òun sí ibi tí Ọlọ́run kò bá sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Apá tó kàn, pé Kaaba ń yí tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀kọ́ inú ìtàn náà kò sì nílò rẹ̀. Irú ìtàn kan náà wà fún Hardwar: àwọn Híńdù ń da omi sí ìhà ìlà-oòrùn fún àwọn baba ńlá wọn, Nanak bẹ̀rẹ̀ sí da tirẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, ó ní oko òun ní Punjab lòun ń bomi rin, bí omi wọn bá lè dé ọ̀run, tòun á dé oko. Ẹ sọ méjèèjì léra wọn. Bí ẹ bá sọ ti Mẹ́kà nìkan, á dà bíi pé Mùsùlùmí nìkan ló ń bá wí.

Kí ẹ tó sọ wọ́n, ẹ ka ojú ewé 140 sí 141. Níbẹ̀ ló ti bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ tààrà, kò sì ní kí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí àánú jẹ́ mọ́ṣáláṣí rẹ, kí ìgbàgbọ́ jẹ́ ẹní ìkírun rẹ, kí iṣẹ́ halali jẹ́ Kùránì rẹ. Ó ka ìrun 5 pẹ̀lú: òtítọ́ ni ìkíní, halali ni ìkejì, ìtọrẹ lórúkọ Ọlọ́run ni ìkẹta, èrò rere ni ìkẹrin, yíyin Ọlọ́run ni ìkarùn-ún. Ojú ewé 141 yìí kan náà ló ti sọ pé ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì tí a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ni fún Mùsùlùmí, màlúù ni fún Híńdù. Ọmọ ilé-kéwú tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé àwọn ohun tí òun náà gbà gbọ́ ni ọkùnrin yìí fi ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ní ti ẹsẹ̀ àti ìwé: ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe pé Ọlọ́run wà ní ìhà ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ọmọ Yorùbá tí kì í na ẹsẹ̀ síwájú àgbà kò nílò àlàyé púpọ̀.

Tí mo bá jẹ́ yín, ìṣẹ́jú 25 ni mo máa fún ìgbésí ayé rẹ̀, kí n má sì kọjá ìrìn àjò kan. Ìṣẹ́jú 50 fún orin 4 tàbí 5, kí àwọn ọmọ kà á fúnra wọn kí wọ́n tó gbọ́ àlàyé. Àkókò tó kù, ìbéèrè ni. Ẹni tó bá kó gbogbo Guru mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú wákàtí 2 kò ní rí ọ̀kankan sọ dáadáa.

Alásè_Sùúrùlérè

Ti gurdwara àti ti oúnjẹ kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn alábòójútó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sọ iye yín. Kì í ṣe ìwé ìyọ̀ǹda ni ẹ ń tọrọ, torí ilẹ̀kùn wọn ṣí fún gbogbo ẹ̀sìn. Ti oúnjẹ ni, ènìyàn 15 tó yọ lójijì á jẹ́ kí wọ́n tún gbé agbada ka iná. Sunday ni ọ̀pọ̀ gurdwara tó wà lẹ́yìn odi Íńdíà máa ń kóra jọ, nítorí iṣẹ́. Ẹ máa retí nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin kí ẹ sì jẹun.

Sìgá, ọtí, áásà, kò gbọdọ̀ wọlé, kódà nínú àpò. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fọ ọwọ́, ẹ bo orí, tọkùnrin tobìnrin. Fìlà kì í sábà tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n fẹ́ aṣọ tí a so mọ́ orí, nítorí náà kí àwọn ọkùnrin mú ìborùn kékeré lọ́wọ́. Gèlè tó, àmọ́ kí wọ́n wé e wálẹ̀, èyí tó ga á dí ẹni tó wà lẹ́yìn lójú. Ilẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń jókòó sí, nítorí náà síkẹ́ẹ̀tì tó há tàbí tó kúrú á ni ẹni tó wọ̀ ọ́ lára. Ẹ ó rí àwọn tó ń wólẹ̀ níwájú Guru Granth Sahib. Àlejò tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á láyè kò ní láti wólẹ̀, kí ó rọra kọjá, kí ó lọ jókòó, kí ó ká ẹsẹ̀ kò.

Langar ni oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ìsìn. Kartarpur ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, àwọn Guru tó tẹ̀ lé Nanak sì mú un gbilẹ̀. Orúkọ Khivi, ìyàwó Guru Angad, wà nínú ìwé mímọ́ wọn fún ọwọ́ ìṣoore rẹ̀ nídìí oúnjẹ yìí. Orí ìlà kan náà nílẹ̀ ni olówó àti tálákà ń jókòó sí, èyí ni ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ ṣàkíyèsí jù. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kí gbogbo ẹ̀sìn lè jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Ẹ̀wà lẹ́ńtílì, ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀dùnkún, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní roti, nígbà mìíràn ìrẹsì oníwàrà. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gba roti. Ohun tí àlejò máa ń ṣe tí kò dára ni kí ó jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ kún abọ́, kí ó sì fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba díẹ̀, wọ́n á tún yí padà wá. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ béèrè bóyá ẹ lè bá wọn fọ abọ́. Sewa nìyẹn, iṣẹ́ ìsìn tí a kì í gbowó fún, yóò sì kọ́ àwọn ọmọ ju wákàtí kan nínú kíláàsì lọ.

Oúnjẹ dídùn yẹn ni karah prasad. Ìyẹ̀fun àlìkámà, ghee (bọ́tà tí wọ́n ti yọ́ títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ), ṣúgà, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, lẹ́yìn náà omi. Fún yín, gíráàmù 200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àti omi mìlílítà 600 á tó, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ní èèpo ni kí ẹ rà, irú èyí tí wọ́n fi ń ro ọkà àlìkámà, kí ẹ ka ẹ̀yìn páálí kó má jẹ́ pé wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ghee wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Man shanu tí àwọn Fúlàní ń tà náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ le. Bọ́tà inú ike tí à ń fi sí búrẹ́dì kò dára, omi wà nínú rẹ̀, á máa ta sókè, ìyẹ̀fun ò sì ní yan dáadáa.

Ẹ fi ṣúgà sínú omi, ẹ gbé e kaná títí á fi yọ́, kí ó máa gbóná lọ́tọ̀. Ẹ yọ́ ghee nínú agbada irin tó nípọn, iná kékeré, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, ẹ máa fi ọmọrógùn rò ó láìdúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Á kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà á rọ̀, á pupa bí oyin, ghee á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí agbada. Ẹni tó bá yára gbé iná sókè níbí á rí i pé ìta rẹ̀ jó, inú rẹ̀ ṣì tutù, adùn rẹ̀ á sì korò. Nígbà tó bá pupa tán, ẹ jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó da omi ṣúgà sí i, torí á hó gidigidi, èéfín rẹ̀ á sì gbóná. Omi náà gbọ́dọ̀ gbóná. Tí ó bá tutù, ìyẹ̀fun á so kókó. Ẹ máa rò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ agbada mọ́.

Nínú gurdwara, wọ́n á máa ka àdúrà bí wọ́n ti ń rò ó, ẹnikẹ́ni kì í tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e síwájú ìwé mímọ́, kí wọ́n gbàdúrà Ardas lé e lórí, kí wọ́n sì fi kirpan kàn án. Ìgbà yẹn ló tó di prasad. Èyí tí ẹ bá sè ní Èbúté-Mẹ́ta, ẹ pè é ní halwa, oúnjẹ lásán ni, ẹ lè tọ́ ọ wò bó ṣe wù yín. Tí ẹ bá sì dé gurdwara tí wọ́n fẹ́ fún yín, ìjókòó ni a ń wà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa pọ̀. Ghee á máa ṣàn sí yín lọ́wọ́, nítorí náà kí olúkúlùkù mú aṣọ ìnujú dání, kí wọ́n má fi ẹní tàbí ògiri nu ọwọ́.